Ìwé iye owó AC fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Adó-Èkìtì: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ṣe é

Tí oní-AC bá mú ìwé iye owó wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré wò: eélòó ni gbogbo rẹ̀? Mo ti fi ìwé láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mẹ́ta wéra fún ilé kan náà, mo sì lè sọ láìṣiyèméjì pé iye yẹn kò wúlò fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ṣírò ooru yàrá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn tó padà gba iṣẹ́ ilé wa ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: bí wọ́n ṣe wá wo ilé, àti ìwé tí wọ́n kọ fún wa kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kankan wá.

Ojú ọ̀nà Ìyìn ni ilé náà wà, èmi ni mo ń bá bàbá onílé bójú tó o. Ilé ìtajà oògùn wà nísàlẹ̀. Gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ 250 ló gba gbogbo àárín. Ọ́fíìsì àwọn ayálégbé àti yàrá ìpàdé wà lókè, lábẹ́ páànù gan-an, ẹni tó bá sì mọ Adó nínú oṣù kejì sí oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń rí ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Oníṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá fi ẹsẹ̀ rìn yí gbọ̀ngàn náà ká, ó gbójú sókè, ó ní AC hp 1.5 mẹ́wàá á tó. Bíi télọ̀ tó ń gé aṣọ láìwọn ara oníbàárà ló rí lójú mi. Ẹnjiníà àwọn tí mò ń sọ yìí fa téèpù, ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀ níwájú mi. Ẹnìkan tó jókòó ń tú nǹkan bíi wáàtì 100 ooru jáde lára. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo iná tí wọ́n sì ń jẹ ló ń di ooru nínú yàrá. Ènìyàn 250 jẹ́ wáàtì 25,000, kọ̀ǹpútà 250 jẹ́ 15,000. Wáàtì 40,000 yẹn jẹ́ nǹkan bíi BTU 136,000 ní wákàtí kan (BTU ni ìwọ̀n ooru tí àwọn oní-AC ń lò). AC hp 1.5 kan ń kó nǹkan bíi BTU 12,000, mẹ́wàá rẹ̀ ò lè kó ju 120,000 lọ. A ò tíì ka oòrùn tó ń wọlé láti ojú fèrèsé, a ò tíì ka gílóòbù, a ò tíì ka atẹ́gùn láti ìta tí àwọn ọmọ nílò láti mí. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ooru ara àwọn ọmọ àti kọ̀ǹpútà wọn nìkan ti ju agbára ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ.” Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni màá gbé iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè wọn ló tún wú mi lórí. Ìgbà wo lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn? Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé? Fèrèsé wo ló kọjú sí ìwọ̀-oòrùn? Ta ló ń sanwó iná apá yìí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, kò sẹ́lòmíì tó bi wá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń da ayálégbé àti onílé rú gan-an nìyẹn, nítorí tí AC ẹni méjì bá so mọ́ mítà kan, ìjà ò ní tán. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe pín ilé náà sí sóònù, ìyẹn apá tí AC rẹ̀ dá dúró, wọn ò tẹ̀lé ògiri nìkan. Wọ́n wo àkókò tí a ń lò ó, wọ́n wo ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọlé, wọ́n sì wo ẹni tó ń sanwó.

Fún òkè, wọ́n dábàá ẹ̀rọ VRF, ìyẹn ẹ̀rọ ìta kan tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní ìdarí tirẹ̀. Daikin ti Jàpáàn ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1982. Ọ́fíìsì tó kọjú sí ìlà-oòrùn máa ń gbóná láàárọ̀, ti ìwọ̀-oòrùn máa ń gbóná lọ́sàn-án, wọn ò jọ ń gbóná dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá mú ẹ̀rọ ìta tí agbára rẹ̀ kéré díẹ̀ sí àpapọ̀ ti inú, owó sì dínkù. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbọ̀ngàn ìdánwò náà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àwọn 250 yẹn, ìgbà kan náà ni wọ́n ń wọlé, ìgbà kan náà ni wọ́n ń tan kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ilé ìtajà oògùn ni wọ́n yọ kúrò nínú ètò náà pátápátá. Oògùn wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ooru ò gbọdọ̀ ju 25°C lọ. Wọ́n ní kí a gbé AC méjì síbẹ̀, kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, lórí mítà oníṣòwò náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lóru, oògùn ò ní bàjẹ́.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ṣe kedere. Páìpù bàbà wà níbẹ̀ ní mítà mítà, pẹ̀lú ìbú rẹ̀ àti fóòmù tí wọ́n máa fi wé e. Gáàsì tí wọ́n máa fi kún un nítorí gígùn páìpù wà lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé náítírójìn á máa kọjá nínú páìpù nígbà tí wọ́n bá ń jó o pọ̀, kí ìdọ̀tí dúdú má baà hù sí inú rẹ̀, àti pé páìpù á dúró fún wákàtí 24 lábẹ́ ìfúnpá kí gáàsì tó wọ̀ ọ́. VAT 7.5% hàn gbangba. Wọ́n tún ya abala kan sọ́tọ̀ fún ohun tí kò sí nínú owó náà: títún àjà POP ṣe, lílu ògiri kọnkéré, àti fífi kún agbára jẹnẹrétọ̀. Abala yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibi tí àwọn yòókù dákẹ́ sí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àfikún owó máa ń gbà yọ.

Àmọ́ wọ́n pẹ́ jù. Bàbá onílé ti ń bínú kí ìwé tó dé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì oníkúkúrú lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá láti ìlà dé ìlà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó fẹ́ sanwó jẹ́ àgbàlagbà Èkìtì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Wọn ò sì kọ iye tí ìtọ́jú máa ná wa lọ́dún, bẹ́ẹ̀ VRF kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ kan ṣáà lè tú wò. Mo dá ìwé padà lórí ìyẹn, wọ́n sì fi ojú ewé kan kún un: fífọ fílítà, wíwo ojú ọ̀nà omi, yíyẹ gáàsì wò, pẹ̀lú iye owó wọn.

Wọ́n gba owó kí wọ́n tó wá wo ilé, wọ́n sì máa yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Àwọn kan ń kùn sí èyí. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣírò ooru yàrá tó pọ̀ báyẹn ti ṣiṣẹ́, ó tọ́ kó gbowó rẹ̀.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Fún yàrá kan tàbí méjì, oní-AC àdúgbò yín ti tó. Fún ilé tó ní ayálégbé púpọ̀ tàbí gbọ̀ngàn ńlá, irú iléeṣẹ́ báyìí ni kí ẹ wá. Kí wọ́n tó dé, ẹ ti wá pílánnù ilé, iye ènìyàn tó ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, àti iye kVA (agbára) jẹnẹrétọ̀ yín sílẹ̀, nítorí wọ́n máa béèrè gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 14 ni iye owó wọn fi ń dúró nítorí dọ́là, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ buwọ́ lù ú wà nílé lọ́sẹ̀ tí ìwé bá dé.