Pẹ́ẹ̀nì Wegovy: Iṣẹ́ Rẹ̀ Dára, Sùúrù Ló Fẹ́

Wegovy, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún dídín ìwọ̀n ara kù, tí ilé iṣẹ́ Novo Nordisk ní Denmark ń ṣe, ń dín ebi kù lóòótọ́. Púpọ̀ nínú wàhálà tó ń bá àwọn tó ń lò ó, ìkánjú ló ń fà á.

Semaglutide ló wà nínú rẹ̀, oògùn tó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù kan nínú ara wa. Bí oúnjẹ bá ti wọ inú, ìfun wa máa ń tú họ́mọ̀nù GLP-1 jáde. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, tó sì ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Svetlana Mojsov àti Joel Habener ní Boston, pẹ̀lú Jens Juul Holst ní Copenhagen, wà lára àwọn tó tú àṣírí rẹ̀. Àmọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ìdajì rẹ̀ ti pòórá nínú ẹ̀jẹ̀. Lotte Bjerre Knudsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Novo Nordisk wá so èròjà ọ̀rá mọ́ ọn, kó lè rọ̀ mọ́ albumin, ìyẹn purotéènì kan inú ẹ̀jẹ̀, kó sì pẹ́ lára. Liraglutide ló kọ́kọ́ jáde, ìyẹn abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Ti semaglutide tó tẹ̀ lé e, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó bá gún àgúnjù kò lè yọ ọ́ padà. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó kúrò tán.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣètò àtẹ̀gùn rẹ̀: 0.25 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà 0.5, 1 àti 1.7, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kó tó kan 2.4. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe láti mú ẹnikẹ́ni fọn; ikùn ni wọ́n fi ń kọ́. Ẹni tó bá fò ó torí pé ebi ṣì ń pa á, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi í ṣe, omi ara lè gbẹ, kíndìnrín sì lè fara gbá a. Bí èébì bá ń gbéni, kí dókítà fi í sí ìwọ̀n tó wà fúngbà díẹ̀ sí i. Ẹ dín oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kù pẹ̀lú. Àwo iyán kíkún tòun tọbẹ̀ elépo kò ní tètè kúrò nínú ikùn.

Pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń tà ní Brítéènì dáa lọ́wọ́. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń gún ọ̀kan. Kí ẹ tó kọ́kọ́ lo pẹ́ẹ̀nì tuntun, ẹ yí i sí àmì àyẹ̀wò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi rí ẹ̀kán omi kan lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ẹ gún un sí ikùn, itan tàbí apá òkè. Bí nọ́ńbà ara pẹ́ẹ̀nì bá dé 0, ẹ má tíì fà á yọ: ẹ rọra ka ení dé ẹẹ́fà. Bí ẹ bá fà á yọ ṣáájú, oògùn náà lè dà sórí awọ. Omi díẹ̀ lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbà kẹrin. Ẹ jù ú nù.

Fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, 2 sí 8°C. Tó bá ti dì nínú fírísà, ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níta bí ooru kò bá kọjá 30°C, èyí tó ṣòro nílé tí iná kì í dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kìlọ̀ ní 2024 nípa ayédèrú semaglutide. Torí náà, ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni kí ẹ ti rà á.

Nínú ìwádìí STEP 1, tí wọ́n fi dán oògùn yìí wò, èèyàn 1,961 ló kópa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tó gbà á fi 14.9% ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Àwọn tí abẹ́rẹ́ tiwọn kò ní oògùn fi 2.4% sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ti padà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ro owó ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹran ara náà máa ń bá ọ̀rá lọ, nítorí náà ẹ má fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ṣeré. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kó dá a dúró ní oṣù méjì ṣáájú, ó kéré tán.