KEF LS50 Meta: ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ LS50 Meta, sípíkà kékeré tí KEF ṣe, nínú páálí tí ẹ sì tan orin sí i, béèsì rẹ̀ lè dà bíi pé ó há. Ẹ má tíì gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má sì gba ti àwọn tó ní kí ẹ lò ó di ọgọ́rùn-ún wákàtí kí ara rẹ̀ tó rọ̀. Ọjọ́ tí ilé ìtajà fi gba ọjà padà lè ti kọjá nígbà yẹn.

Rọ́bà tó yí cone ínṣì 5.25 náà (abala rìbìtì tó ń mì láti gbé ohùn jáde) ká, àti aṣọ líle tó dì í mú lẹ́yìn, ló ń rọ̀. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà náà ń wáyé. Wáyà kì í rọ̀. Bí ohùn bá ṣì ń dùn sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mọ́ etí yín lára ni.

Òru kan tó láti mú un rọ̀. Ẹ pa amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) ná. Ẹ kọjú sípíkà méjèèjì síra wọn, kí àlàfo àárín wọn má ju ínṣì méjì lọ. Lára ọ̀kan ṣoṣo, ẹ ki wáyà pupa sí ojú dúdú, kí ẹ ki dúdú sí ojú pupa. Ẹ tan amplifier, ẹ yí i sí mono, kí ohùn kan náà lè lọ sí sípíkà méjèèjì, kí ẹ wá fi pink noise sí i, ìyẹn ariwo ṣìì tí ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ ni èkejì ń fà á, nítorí náà béèsì á pa ara rẹ̀, aládùúgbò á sì sùn. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo sípíkà, ẹ má bo amplifier, torí ooru. Ẹ má gbé ohùn ga ju bí ẹ ṣe ń gbọ́ orin lójoojúmọ́ lọ: ohùn tó ń pa ara rẹ̀ yìí máa ń tan èèyàn láti yí i sókè. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dá wáyà padà sípò. Ẹni tó bá gbàgbé, béèsì rẹ̀ á pòórá, ohùn akọrin ò sì ní dúró sójú kan.

Amplifier ló ń ba sípíkà yìí jẹ́ jù. 85 dB péré ni sensitivity rẹ̀ (bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ròkè tó pẹ̀lú agbára díẹ̀), impedance rẹ̀ (bí ó ṣe ń dènà iná) sì ń já dé 3.5 ohm. KEF ní kí ẹ lo amplifier watt 40 sí 100. Amplifier kékeré tí wọ́n yí dé òpin á bẹ̀rẹ̀ sí í clip, ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ á tán, ohùn á sì máa fọ́; tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, ló sì máa ń jó.

Ẹ gbé e sórí stand, kí tweeter bá etí yín dọ́gba, kó jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ẹ̀yìn ni ihò béèsì rẹ̀ wà. Tí kò bá sí àyè, ẹ fi fóòmù tí KEF ṣe fún ihò náà, tó wà nínú páálí, dí i. Ìyàtọ̀ tí èyí ń ṣe ju ti rírọ̀ lọ fíìfíì.

Ohùn èèyàn àti ìlù ni agbára rẹ̀. Tí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìfọ́. Tweeter tó wà láàárín gbùngbùn cone, àti MAT, àwo kan lẹ́yìn tweeter tó ń gba ohùn ẹ̀yìn rẹ̀ mì, wà lára ohun tó fà á. Àmọ́ láti 79 Hz sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù. Fún fújì nínú pálọ̀ ńlá, ẹ fi subwoofer, sípíkà tí wọ́n ṣe fún béèsì nìkan, kún un. Kò sí iye wákàtí tó lè fún cone kékeré yìí ní béèsì tí kò ní.