Sítẹ́ǹtì olóògùn tàbí irin lásán: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ gbà?

Tí dókítà bá ní kí ẹnì kan lọ ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀, iye owó ni ará ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú sítẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin kékeré oníhò tó ń jẹ́ kí òpó wà ní ṣíṣí. Èyí tó ní oògùn lára la fara mọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú òpó náà fúnra rẹ̀.

Awọ tó fẹ́lẹ́ ló tẹ́ inú òpó, òun ló ń kan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan wà, wọ́n dákẹ́ sí àyè wọn. Sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń ba awọ yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàlúùnù tí wọ́n fi ń ṣí òpó ń fà á ya lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti ya, plátẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á rọ́ débẹ̀, wọ́n á tú èròjà tó ń jẹ́ PDGF sílẹ̀. Russell Ross àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle ló fi hàn ní 1974 pé ohun tó ń ti ara plátẹ́lẹ́ẹ̀tì jáde ń mú sẹ́ẹ̀lì iṣan òpó pọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á rá wá sínú, wọ́n á máa pín sí méjì méjì. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ọ̀nà lè ti há padà.

Bàlúùnù nìkan, bí 3 sí 4 nínú 10 ló ń há padà. Irin lásán, 2 sí 3. Olóògùn kì í sábà pé 1.

Sirolimus ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sára sítẹ́ǹtì, ara kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ erékùṣù Rapa Nui ni wọ́n ti rí i. Kì í pa sẹ́ẹ̀lì. Ó kàn ń dá a dúró kó má baà pín ni. Irin Cypher, sítẹ́ǹtì onísirolimus tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003, nípọn tó 140 micron (1,000 micron ni mìlímítà kan). Àwọn tuntun tó ń lo everolimus, oògùn tó jọ sirolimus, kò ju bí 80 lọ, wọ́n sì sàn jù ú.

Àbùkù sítẹ́ǹtì olóògùn nìyí: oògùn náà ń fa awọ inú pàápàá sẹ́yìn, kì í tètè bo irin. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lórí irin tó ṣí sílẹ̀, kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ìdí nìyẹn tí aspirin 75 sí 100 mg àti clopidogrel 75 mg, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fi gbọ́dọ̀ máa wọlé lójoojúmọ́, oṣù 6 lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù 12 fẹ́ni tí àrùn ọkàn ti kọlù. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: ara ti yá, wọ́n á pa á tì. Ẹni tó ń gbé Ọ̀mùò tàbí Ọ̀tùn, kó má dúró dìgbà tó bá ku ẹyọ méjì kó tó wá ra oògùn ní Adó-Èkìtì. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kó sọ fún dókítà: omeprazole ń dín agbára clopidogrel kù, pantoprazole ṣeé lò dípò. Ẹ má fi diclofenac tàbí ibuprofen ara ríro kún un, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ikùn.

Ẹ gba káàdì sítẹ́ǹtì yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Bí ẹni tó fẹ́ yọ eyín yín bá ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró, ẹ fi hàn án, kó kọ́kọ́ pe dókítà ọkàn yín.