Àtẹ wákàtí èdè Foreign Service Institute: ó wúlò, àmọ́ kò tó

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ló ṣe àtẹ yìí, tó sọ iye wákàtí tí kíkọ́ èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà; ọ̀fẹ́ ni. Fún àgbàlagbà tó fẹ́ mú èdè àjèjì kan, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Sípáníìṣì ń gba wákàtí 600 sí 750. Lárúbáwá, Ṣáínà, Japaníìsì àti Koríà ń gba 2200. Ẹ pín in sí wákàtí kan lójúmọ́: nǹkan bí ọdún 2 àti ọdún 6 nìyẹn.

Wákàtí inú kíláàsì nìkan ni wọ́n kà o, iṣẹ́ àṣetiléwá ò sí níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹni tó lè fi èdè náà ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ kí èèyàn kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi díwọ̀n. Ẹni tó ti gbọ́ Faransé yóò tètè gbọ́ Sípáníìṣì, torí ọ̀rọ̀ tí méjèèjì jọ ní pọ̀. Ẹni tí èdè rẹ̀ ní ohùn, bíi Yorùbá, lè má jìyà ohùn Ṣáínà púpọ̀. Ìkọ̀wé Ṣáínà ni yóò jẹ àkókò rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àtẹ náà kò bi yín ta lẹ ó máa bá sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tẹ́ ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí 2 lọ́sẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ mú èdè míì.