Ìrìn Àjò Bioko Láti Ìjẹ̀bú-Òde: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Gbà?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ìrìn àjò Bioko, erékùṣù orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, tí wọ́n ń polówó kiri Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti bá wọn lọ, mo sì ti dé. Bó bá jẹ́ igbó àti ẹranko lẹ fẹ́ rí, owó yẹn ò ní dùn yín. Bó bá jẹ́ fàájì ìgboro Malabo, ìlú tó tóbi jù lórí erékùṣù náà, lẹ fẹ́, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ lé e, nítorí gbogbo nǹkan ló wọ́n níbẹ̀.

Bioko ni wọ́n ń pè ní Fernando Po láyé àtijọ́, erékùṣù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó fáwọn ará Sípéènì. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 32 lọ sí etíkun Kamẹrúùnù. Òkè ayọnáyèéfín ló bí i. Pico Basilé tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 3,011 mítà, kò sì sí òkè kankan ní Nàìjíríà tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ igbó Ọ̀mọ̀ ní J4 lè rò pé kò sí irú igbó tóun ò tíì rí. Èmi náà tí igbó yẹn wà nítòsí ilé wa, ẹnu yà mí. Ní apá gúúsù Bioko, ara igi kì í sí níhòhò: ewé tútù kéékèèké bò ó láti gbòǹgbò títí dé ẹ̀ka, omi sì ń kán lára rẹ̀ kódà nígbà tí òjò bá dá. Ìjẹ̀bú-Òde tí a ń sọ pé òjò pọ̀ sí, òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í sábà kọjá 2,000 mílímítà. Ti Ureca, abúlé tó wà lẹ́bàá òkun ní gúúsù Bioko, ń tó nǹkan bíi 10,000! Amọ̀nà wa ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lórí òkè: afẹ́fẹ́ tó rù omi láti orí Àtìláńtíìkì ń fẹ́ wá tààrà, ó kọlu òkè gíga, ó di dandan kó gòkè, bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ibẹ̀ ló sì ti ń da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Malabo wà lẹ́yìn òkè ní àríwá, ìdí nìyẹn tí òjò tiwọn kò fi tó ìdá mẹ́rin ti Ureca.

Amọ̀nà yìí gan-an ni mo fi ń yin iṣẹ́ wọn. Ọmọ Bubi ni, onílẹ̀. Sípáníìṣì ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ Pichi, èdè tó bá Krio tí wọ́n ń sọ ní Freetown, Sierra Leone, tan, Pidgin tiwa sì tó láti fi bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó bá wa lọ láti Ṣàgámù ń pè é ní "Bàbá", ó sì ń jẹ́ ẹ.

Lọ́nà láti Moka, abúlé kan lórí òkè, sí Ureca, Bàbá kàn gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wa dúró. Ọ̀bọ ńlá kan ń tú ewé gbígbẹ nílẹ̀ níwájú wa. Drill ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ dúdú kirimú, irun funfun yí i ká, ìlà pupa kan wà lábẹ́ ètè ìsàlẹ̀, ìrù rẹ̀ sì kúrú. Kò sí ẹkùn ní Bioko, nítorí náà èèyàn ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù. Òkun ló ti gé erékùṣù náà kúrò lára ilẹ̀ Áfíríkà ní ohun tó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, ẹranko tó kù síbẹ̀ sì di tibẹ̀. Ọ̀bọ pupa kan wà tí kò sí níbòmíì láyé àfi níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi rí èèpo ọta ìbọn lójú ọ̀nà. Bàbá ṣa wọ́n sápò láìsọ̀rọ̀. Láti 2007 ni òfin ti fòfin de pípa ọ̀bọ níbẹ̀. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyí: aṣojú ilé-iṣẹ́ tó mú wa lọ tún ń sọ fún àwọn kan nínú wa pé òun lè bá wọn wá ẹran ọ̀bọ gbígbẹ ní Malabo. Ẹ̀gbọ́n ará Ṣàgámù yẹn bá a wí gidi, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń nà sókè lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ ti tó wa.

Òru Ureca ni n ò lè gbàgbé. Yanrìn dúdú ni etíkun wọn, ìjàpá òkun oríṣi mẹ́rin ló sì ń gòkè wá yé ẹyin síbẹ̀. Èyí tí a rí jẹ́ ti ńlá yẹn, tó jẹ́ awọ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ dípò ìkarahun líle. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé yanrìn díẹ̀ jáde, èkejì wọlé. Ẹyin wá ń já bọ́ ní méjì-méjì, funfun, tútù. Iná pupa nìkan ni Bàbá gbà kí a tàn, ẹ̀yìn ìjàpá náà ló sì ní kí a dúró sí. Nígbà tí ìjàpá náà bo ẹyin rẹ̀ tán, ó yí kiri, ó fi apá da yanrìn káàkiri kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ojú ibẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, rénkóòtù tí wọ́n fún wa ń jò látàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bàtà wọn sì ń yọ̀ lórí òkúta. Ẹ ra tiyín ní Òkè-Ajé kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ di gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ sì fi ọ̀rá méjì wé e. Ní ti ìwé, físà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ, wọn ò sì sọ fún wa pé fọ́tò yíyà ń fẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀. Sọ́jà dá wa dúró lójú ọ̀nà nítorí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé àṣẹ náà sínú rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì yan àárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, tí òjò máa ń dínkù díẹ̀ tí ìjàpá sì ń gòkè wá.