Bíìmù, nẹ́ẹ̀tì onírin tàbí okùn páálí: èwo ló yẹ ògiri yín?

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lóṣù kẹta ọdún 2000 á rántí pé ilẹ̀ mì. Látìgbà náà, bí mo bá wọlé ẹnikẹ́ni, igun ilé ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ọ̀dà. Bulọ́ọ̀kù àti amọ̀ lè ru ẹrù, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba fífà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mì, igun ló ń là, ògiri á ṣubú síta, òrùlé á tẹ̀ lé e. Ohun mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè yìí wà láti di ògiri mú.

Bíìmù kọnkéré tó yí orí gbogbo ògiri ká ni n ó rà bí ilé bá ṣì wà lọ́wọ́ bíríkìlà. Líńtẹ̀lì orí fèrèsé nìkan kọ́ o. Irin mẹ́rin ni, kí wọ́n sì tẹ̀ ní igun kí wọ́n wọnú ara wọn. Mo ti bá irin tó dúró gbọnrangandan ní igun, bíríkìlà ní síméńtì á dì í mú. Mo ní kó tú u. Lórí ilé tó ti parí, ẹ máa ṣí òrùlé kí ẹ tó lè ṣe é, owó gọbọi nìyẹn.

Nẹ́ẹ̀tì onírin wà fún ilé bulọ́ọ̀kù tí èèyàn ti ń gbé. Ẹ lè ṣe é ní yàrá kan sí èkejì. Wọ́n á ha pílásítà àtijọ́ kúrò, wọ́n á ta nẹ́ẹ̀tì sí ojú méjèèjì, wọ́n á lu ògiri já kí wáyà so wọ́n pọ̀, kí wọ́n tó fi síméńtì bò ó. Bí wọ́n bá fi ìṣó kàn án sójú kan ṣoṣo, odò Ògùnpa lẹ da owó sí. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ náà kò tó.

Ilé alámọ̀ Bẹẹrẹ àti Mápó ńkọ́? Okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di páálí ni. Kimiro Meguro, onímọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ mímì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo, Japan, ló sọ ọ́ di àwọ̀n fún ògiri, wọ́n sì ti lò ó ní Nepal. Ògiri á ṣì sán, ṣùgbọ́n àwọ̀n á gbá a mú kí ará ilé ráyè jáde. Òun ló wọ́n kéré jù. Oòrùn ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ fi amọ̀ rẹ́ ẹ bò. Wàhálà ibẹ̀ ni oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí òjò bá sì ti jẹ ìdí ògiri amọ̀ náà, ẹ má tíì ra ìkankan. Ìdí ògiri ni kí owó kọ́kọ́ lọ.