Àgbéyẹ̀wò MESA: Ètò Kọ̀ǹpútà fún Ìràwọ̀ Tó Ń Wú Tó sì Ń Súnkì

Ọ̀fẹ́ ni MESA, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìràwọ̀. Apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RSP, èyí tó dé ní 2019, ni mo gbé yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni ó wà fún àwọn ìràwọ̀ tó ń wú tó sì ń súnkì, tí ìmọ́lẹ̀ wọn fi ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù lásìkò-lásìkò.

Nọ́ńbà márùn-ún pàtàkì ni a ó fi lé e lọ́wọ́: ìwọ̀n ìràwọ̀ náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ooru òde rẹ̀, ìpín háídírójìn inú rẹ̀, àti ìpín àwọn èròjà tó wúwo ju hílíọ̀mù lọ. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa tẹ̀ lé gáàsì ní ìpele-ìpele, tí a ó fi rí i bí hílíọ̀mù tí kò jìnnà sí òde ìràwọ̀ ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà nígbà tí ìràwọ̀ bá súnkì, bí agbára tó há síbẹ̀ ṣe ń tì í kí ó wú, àti bí ọ̀nà ṣe ń là fún ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá wú tán. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Ètò tó kàn ń wá ìyípo nínú ìmọ́lẹ̀ tí a wọ̀n lè sọ fún wa pé ọjọ́ 5.37 ni ìràwọ̀ Delta Cephei, tí onímọ̀ ìràwọ̀ John Goodricke kíyè sí ní 1784, fi ń parí ìyípo kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó fà á.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, ohun tó wú mi lórí jù ni pé MESA máa ń tọ́jú ibi tí ìṣirò dé sínú dísìkì láàárín iṣẹ́. Bí iná bá lọ, tí ó sì padà dé, a ó tẹ àṣẹ ./re, yóò sì tẹ̀ síwájú láti ibi tó tọ́jú kẹ́yìn.

Ó ní àbùkù. Ó ń jẹ dátà àti àyè dísìkì púpọ̀, Windows nìkan kò sì lè gbé e láìsí Linux nínú rẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn nọ́ńbà tó ń darí bí gáàsì gbígbóná ṣe ń ru sókè: ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ni yíyàn wọn wà, bí a bá sì yí wọn padà, gíráàfù ìmọ́lẹ̀ yóò yí padà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ Cepheid (irú ìràwọ̀ bíi Delta Cephei) tó bá ètò náà wá, láìfọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, kí ó tó dán ìràwọ̀ tirẹ̀ wò.